Kámẹ́rà tòkunbọ̀ fún fọ́tò ojoojúmọ́: bí olùkọ́ kan ní Abẹ́òkúta ṣe rí èyí tó bá a mu

Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ni ẹni tó ni ọ̀rọ̀ yìí. Aláró ni ìyá rẹ̀, Ìtòkú ni wọ́n ti ń ta àdìrẹ wọn. Ó ní ọkọ, ó sì bí ọmọ méjì. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, àmọ́ ó gbà kí n kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tó ń ta kámẹ́rà àlòkù, àti fún àwa tí àwọn èèyàn máa ń wá bá fún ìmọ̀ràn kí wọ́n tó náwó. Ohun tó fẹ́ kò le: kámẹ́rà kékeré tó lè wà nínú báàgì rẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, tí yóò máa fi ya ohun tó ń lọ nínú ilé, ní ilé ẹ̀kọ́ àti ní ìdí ìkòkò aró ìyá rẹ̀. Kò fẹ́ fi ṣiṣẹ́ òde àríyá, kò sì fẹ́ fi pawó. ₦150,000 ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì jẹ́ kí n mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé kò sí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀.

Ó ní fóònù tó ń ya fọ́tò. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀, torí pé ẹni tó ti ní fóònù tó tún fẹ́ ra kámẹ́rà, a ní láti kọ́kọ́ mọ ohun tí fóònù yẹn ò lè bá a ṣe. Mo bi í. Ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, tílẹ̀ bá ti ń ṣú báyìí, ojú àwọn ọmọ mi á kàn máa dán ni, irun orí wọn á lẹ̀ pọ̀, mi ò ní rí dídì wọn mọ́. Tí n bá sì ya aṣọ màámi, aró tó wà nínú fọ́tò kì í ṣe aró tó wà lọ́wọ́ wọn.” Ìdáhùn yẹn wúlò fún mi ju orúkọ kámẹ́rà èyíkéyìí tó lè dá lọ.

Ó kúkú ti dárúkọ kan. Kámẹ́rà aláwọ̀ píǹkì kan ni ẹnì kan ń tà lórí Instagram ní ₦130,000, ọkàn rẹ̀ sì ti lọ síbẹ̀. Irú àwọn kámẹ́rà wọ̀nyí ló wà lóde báyìí láàárín àwọn ọ̀dọ́. Wọ́n ń wá kámẹ́rà kéékèèké tí wọ́n ṣe ní nǹkan bí ọdún 2005 sí 2012 kiri, wọ́n á ní èyí tó bá ní sẹ́ńsọ̀ CCD ló ń mú àwọ̀ dáadáa, pé ti CMOS kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó ti wà nínú dúrọ́ọ̀ láìsí ẹni tó bojú wò ó wá di ọ̀wọ́n gógó.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ náà. CCD àti CMOS jẹ́ ọ̀nà méjì tí wọ́n ń gbà ṣe sẹ́ńsọ̀, ìyẹn pátákó tíntín tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà. Àwọ̀ tí a ń rí nínú fọ́tò kò ti ibẹ̀ nìkan wá. Àwọn àwọ̀ tíntìntín tí wọ́n tẹ́ sórí pátákó náà ń ṣe tiwọn, kọ̀ǹpútà inú kámẹ́rà náà sì ń ṣe tirẹ̀ kí fọ́tò tó di JPEG, irú fáìlì fọ́tò tó wọ́pọ̀ jù. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn nínú àwọn fọ́tò yẹn, fláàṣì ló ń fà á: ó kọjú sí èèyàn tààrà, iwájú á mọ́lẹ̀ kedere, ẹ̀yìn á ṣókùnkùn. Ó dùn ún wò níbi ìnáwó. Ṣùgbọ́n ọmọ tó jókòó ti iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gílóòbù sólà, fláàṣì á pa gbogbo ohun tí ìyá rẹ̀ fẹ́ rí nínú yàrá náà rẹ́.

Kò sì sídìí láti sáré ra píǹkì yẹn bí ẹni pé òun nìkan ló kù láyé. Ẹgbẹ́ àwọn iléeṣẹ́ kámẹ́rà ní Japan, CIPA, ṣírò rẹ̀ pé kámẹ́rà kéékèèké tí wọ́n kó jáde ní ọdún 2010 nìkan lé ní mílíọ̀nù 100. Lẹ́yìn ìgbà yẹn ni fóònù gba ọjà mọ́ wọn lọ́wọ́. Púpọ̀ nínú àwọn kámẹ́rà náà ṣì wà níta, àwọn kan lára wọn sì dáa gan-an ju èyí tí ariwo rẹ̀ ń lọ lọ́wọ́.

Mo ní kó ṣí ibi tí fọ́tò wà nínú fóònù rẹ̀, a sì jọ ń wò ó sókè sódò. Mo rọ gbogbo ẹni tó ń gbani nímọ̀ràn pé kí wọ́n má fo ìgbésẹ̀ yìí. Èèyàn lè sọ pé ohun kan ni òun fẹ́ yà, àmọ́ fọ́tò tó ti yà á sọ nǹkan mìíràn. Ó ti sọ fún mi pé òun fẹ́ súùmù tó lọ jìnnà, 20x tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú fóònù rẹ̀, àpáta Olúmọ láti òkèèrè àti ẹyẹ kan lórí wáyà iná ni mo rí tó nílò irú súùmù bẹ́ẹ̀. Ìyókù, àwọn ọmọ ni, lórí tábìlì, lórí ẹní, lẹ́nu ọ̀nà nígbà tójò ń rọ̀. Pátákó ìkọ̀wé kíláàsì rẹ̀. Ọbẹ̀ lórí iná. Ìyá rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sídìí ìkòkò, tó ń fa aṣọ jáde. Ibi tó dúró sí nínú èyí tó pọ̀ jù kò kọjá ìgbésẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin sí ohun tó ń yà, aago tó sì wà lára wọn fi hàn pé lẹ́yìn aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni tàbí ní àfẹ̀mọ́júmọ́, kó tó lọ síbi iṣẹ́.

Ẹni tó ń ya ohun tó sún mọ́ ọn níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò tó, lẹ́ńsì tí ojú rẹ̀ ń là dáadáa ló nílò, àti sẹ́ńsọ̀ tó tóbi ju ti fóònù rẹ̀ lọ díẹ̀. Súùmù 20x kò lè bá a dé ibì kan. Mo sọ ọ́ fún un, ó gbọ́, ṣùgbọ́n mo rí i lójú rẹ̀ pé píǹkì yẹn kò tíì kúrò lọ́kàn rẹ̀. Mi ò bá a jiyàn. Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ní kámẹ́rà tó fara jọ èyí tó wù ú, mo ní kó yá a lópin ọ̀sẹ̀, kó pa fláàṣì rẹ̀, kó sì máa fi ya ohun kan náà tó máa ń fi fóònù yà, ní wákàtí kan náà.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Kámẹ́rà tó yá náà jẹ́ megapixel 16, ìyẹn ni pé àmì tíntìntín mílíọ̀nù 16 ló ń para pọ̀ di fọ́tò rẹ̀, sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 1/2.3, ìwọ̀n tí wọ́n fi sínú èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn kámẹ́rà olówó pọ́ọ́kú ayé ìgbà yẹn. Nígbà tó padà wá, ó gbé fọ́tò méjì síwájú mi: ọmọ kan náà, tábìlì kan náà, gílóòbù kan náà. Ti fóònù ti bó ojú ọmọ náà dán. Nínú ti kámẹ́rà, ọmọ náà mì, nítorí pé kámẹ́rà fi ìdá kan nínú mẹ́jọ ìṣẹ́jú àáyá gba ìmọ́lẹ̀, kò sì sí ọmọ ọdún mẹ́fà tó lè dúró jẹ́ẹ́ fún ìyẹn. Àwọ̀ ojú rẹ̀ kún fún èérún pupa àti àwọ̀ ewé. Ó wò wọ́n títí, ó ní, “Kí wá ni mo fẹ́ sanwó fún?” Òun fúnra rẹ̀ ló bi ara rẹ̀. Bí mo bá ti sọ ọ́ fún un láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀, kì bá má wọ̀ ọ́ lára tó bẹ́ẹ̀.

Mo wá lè ṣàlàyé fún un kó yé e. Nọ́ńbà tó wà lára lẹ́ńsì, tí wọ́n ń kọ f sí iwájú rẹ̀, ló ń sọ bí ojú lẹ́ńsì ṣe ń là tó. Bí nọ́ńbà náà bá ṣe kéré tó ni ojú náà ṣe ń là tó. Lẹ́ńsì tó là dé f/2 ń gba ìmọ́lẹ̀ tó ju ìlọ́po mẹ́jọ ti èyí tó dúró sí f/5.9 lọ. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà tó ní súùmù gígùn máa ń pa ojú dé tí wọ́n bá ti na lẹ́ńsì, nígbà tí ọwọ́ ń gbọ̀n jù lọ. Ti sẹ́ńsọ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. Ti 1/2.3 fẹ̀ tó nǹkan bí mìlímítà onígun mẹ́rin 28, ti 1/1.7 jẹ́ nǹkan bí 43, èyí tí wọ́n ń pè ní ínǹṣì kan sì lé ní 115, ìlọ́po mẹ́rin ti àkọ́kọ́. Megapixel kò sí nínú ìṣirò yẹn rárá. Megapixel 10 lórí pátákó tó fẹ̀ á borí megapixel 16 lórí pátákó tó há.

Ẹni tó bá ní owó tó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, Sony RX100 ti ọdún 2012 ni ǹ bá kọ́kọ́ dárúkọ fún un: sẹ́ńsọ̀ ínǹṣì kan, lẹ́ńsì f/1.8, wáyà fóònù àtijọ́ sì lè fún un lágbára láti ara páwà báǹkì, ohun tó ṣe pàtàkì níbi tí iná kò dúró. Ṣùgbọ́n iye rẹ̀ ga ju ti obìnrin yìí lọ. Ohun tó kù fún wa ni ìran kan tí àwọn iléeṣẹ́ ṣe láàárín ọdún 2008 sí 2012 fún àwọn tó mọ fọ́tò àmọ́ tí wọn ò fẹ́ gbé ẹrù. Mo kọ mẹ́ta sílẹ̀ fún un. Canon PowerShot S95 ti 2010 wọ àpò jù, ó ní òrùka tí èèyàn ń yí nídìí lẹ́ńsì, àmọ́ bó ṣe là dé f/2 níbẹ̀rẹ̀ tó, f/4.9 ló ń padà sí tí wọ́n bá na lẹ́ńsì rẹ̀ tán. Ariwo CCD sì ti gbé iye rẹ̀ sókè. Panasonic Lumix LX5, ọdún 2010 bákan náà, tóbi jù ú lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n f/3.3 ló ń dúró sí lópin. Olympus XZ-1 ti 2011 là jù wọ́n lọ, f/1.8 sí f/2.5. Megapixel mẹ́wàá ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, gbogbo wọn ló sì ń tọ́jú fọ́tò sí RAW, ìyẹn ni pé èèyàn lè tún àwọ̀ ṣe lẹ́yìn náà láì ba nǹkan jẹ́. Mo sọ fún un pé kó má fẹ́ ọ̀kan ju òmíràn lọ. Èyí tí a bá rí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá ni tiwa.

A tún yọ ₦30,000 kúrò nínú owó náà kó tó kúrò nílé, fún bátìrì kejì àti mẹ́mòrì káàdì. Kò fẹ́ràn rẹ̀. Ó rò pé bí òun bá fi gbogbo owó náà ra kámẹ́rà, yóò dáa jù. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà tó ti lé ní ọdún mẹ́wàá, bátìrì tó bá a wá kì í sábà gbé e dé alẹ́.

Ó wọ rélùwéè láti Láderin, ó sọ̀ ní Agége, mo sì pàdé rẹ̀ ní Kọ̀ǹpútà Fílẹ́èjì ní Ìkẹjà. Ohun tí mo ní kó mú dání kò pọ̀: káàdì tirẹ̀, tọ́ọ̀ṣì kékeré àti ìwé funfun kan. Ọjà náà kún bó ṣe máa ń kún. Gbogbo ìsọ̀ ló ní “tòkunbọ̀ tó clean”, gbogbo ọmọ ìsọ̀ ló sì ń sọ pé ọ̀gá àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ já ẹrù ni.

Kámẹ́rà àkọ́kọ́ tí a rí jẹ́ ọ̀kan lára mẹ́ta tí mo kọ sílẹ̀, mi ò sì ní sọ èwo. Iye rẹ̀ dín sí ti gbogbo ìsọ̀ tó kù. Mo tàn án, lẹ́ńsì jáde, mo pa á, lẹ́ńsì wọlé. Mo tún un ṣe. Mo fi etí tì í: ó ń dún gírígírí nígbà tó bá fẹ́ wọlé tán, ìró kan tí kò yẹ kó wà níbẹ̀. Mo bá ń tàn án, mo ń pa á, mo ń na súùmù, mo ń kó o padà. Ọmọ ìsọ̀ náà ní, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ ò ní jẹ́ kó sinmi ni?” Kò pẹ́ tí lẹ́ńsì náà fi há sójú ọ̀nà, ó kọ̀ láti jáde, kò sì wọlé, ojú kámẹ́rà sì kọ ọ́ pé lẹ́ńsì ti ní àléébù. Mọ́tò tíntín àti eyín ike ló ń ti lẹ́ńsì àwọn kámẹ́rà wọ̀nyí síwá sẹ́yìn. Iyanrìn díẹ̀ tàbí ìṣubú kan ṣoṣo tó láti tú wọn ká. Ẹni tó tàn án lẹ́ẹ̀kan tó sanwó, ó di ilé kó tó mọ̀.

Èkejì jẹ́ LX5 tó dúdú minimini, tí kò ní àmì kankan lára. Obìnrin náà gbé e, ojú rẹ̀ là. Lẹ́ńsì rẹ̀ ń rìn jẹ́ẹ́, fláàṣì rẹ̀ ń mọ́, gbogbo bọ́tìnì ló ń jẹ́. Ọmọ ìsọ̀ ti ń wá báàgì tí yóò fi dì í. Mo ní kó fún mi láyè díẹ̀, mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo fi ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ lẹ́ńsì náà. Ó ti bu. Nínú lọ́hùn-ún, lẹ́yìn gíláàsì iwájú, ohun funfun kan ti na ẹ̀ka ká bí òwú aláǹtakùn. Mo fún obìnrin náà ní tọ́ọ̀ṣì kó wò ó fúnra rẹ̀. Ọmọ ìsọ̀ ní eruku ni, pé yóò kúrò. Eruku kì í na ẹ̀ka. Mo ní ká dúró nínú ìsọ̀, ká ya ẹni tó dúró sẹ́nu ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ òde wà lẹ́yìn rẹ̀. Fọ́tò náà jáde pẹ̀lú èéfín lórí gbogbo rẹ̀, kò sí dúdú kan tó dúdú nínú rẹ̀.

Ibi tí wọ́n kó kámẹ́rà sí ní ojú ọjọ́ tiwa, tí ọ̀rinrin wà fún oṣù púpọ̀ nínú ọdún, kò sí ẹni tó lè fojú lásán mọ̀ ọ́n. Kámẹ́rà lè ti London wá ní mímọ́, kó bu sínú páálí ní Ìkẹjà. Mo bẹ àwọn tó ń tà á: ẹ máa tan tọ́ọ̀ṣì sí i kí ẹ tó fowó lé e. Oníbàárà tó bá rí i nílé kò ní padà sọ́dọ̀ yín mọ́.

Ìsọ̀ kan nínú kọ̀rọ̀ ni a ti rí ẹ̀kẹta. LX5 ni òun náà, àmọ́ ara rẹ̀ ti bó, ọ̀dà ti ṣí ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìdérí lẹ́ńsì rẹ̀ kò sí, ẹnì kan sì ti fi ìṣó kọ nǹkan sí ìdí rẹ̀. Obìnrin náà kò fẹ́ fọwọ́ kàn án. Ó ń wo ẹ̀yìn, níbi tí a ti fi ìkejì sílẹ̀. Mo ní kó jẹ́ ká kàn wò ó. Lẹ́ńsì jáde, ó wọlé, mi ò gbọ́ ìró kankan àfi ti mọ́tò. Tọ́ọ̀ṣì gba inú rẹ̀ kọjá, ó mọ́. Mo tẹ́ ìwé funfun, mo pa ojú lẹ́ńsì dé f/8, ibi tó ti há jù, mo yà á, a sì fẹ̀ ẹ́ lójú kámẹ́rà láti wá àmì eruku: èyí tó wà kò ju ẹyọ kan lọ, nígun. Mo fọwọ́ bo lẹ́ńsì, mo fún un ní ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan nínú òkùnkùn láti wá àmì funfun tàbí pupa tó dúró lójú kan. Kò sí. Ìlẹ̀kùn bátìrì ń dì dáadáa. Aago inú rẹ̀ ti padà sí òdo, àmọ́ bátìrì kékeré tó ń gbé aago a máa gbà agbára lára èyí tó ńlá tó bá wà nínú rẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì.

Mo gbé kámẹ́rà náà lé obìnrin náà lọ́wọ́, mo ní kó yan nǹkan kan tó máa ń yà nílé, kó yà á níbẹ̀. Ọmọkùnrin kékeré kan jókòó sábẹ́ káńtà, ó ń tú wáyà tó lọ́ pọ̀, iná tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò ju ti síkírìnì fóònù kan lọ. Ó bẹ̀rẹ̀, ó yà á ní f/2. Nígbà tó fẹ̀ ẹ́, ìka ọmọ náà àti okùn wáyà tó dì mú hàn, ojú rẹ̀ sì ní àwọ̀ ara rẹ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá yíjú sí ọlọ́jà, ó ní, “Ẹ̀yin bọ̀ọ̀dá, èló lẹ máa gbà gan-an?” Wọ́n ní ₦125,000. Ó tọ́ka sí igun tó bó, ó tọ́ka sí ìdí tí wọ́n fi ìṣó kọ, ó ní ìdérí kò sí. Wọ́n dúró sí ₦105,000, wọ́n sì fi ṣájà rẹ̀ sí i. LX5 dúdú tó bu yẹn kò yẹ kó tà ju iye yẹn lọ lójú mi, àmọ́ iye tí wọ́n dá lé e ga ju èyí lọ.

Iṣẹ́ kò parí síbẹ̀. Bátìrì kejì tó kọ́kọ́ rà jẹ́ aláfarawé tí kò ní orúkọ, kámẹ́rà náà kò gbà á wọlé rárá, ó kọ ọ́ sójú rẹ̀ pé a ò lè lò ó. Irú LX5 máa ń dá bátìrì mọ̀. Èyí tí ọlọ́jà mìíràn dá a lójú pé yóò gbà ló rà lẹ́yìn ìyẹn, ó fi dán an wò kó tó sanwó. Ìdérí lẹ́ńsì, ó ra èyí tó wọ̀ ọ́, ó fi okùn so ó mọ́ ọn.

Lẹ́yìn náà ló pè mí pé fọ́tò ìyá òun dúdú jù. Mo ní kó fi ránṣẹ́. Ìyá náà jókòó, tẹ́rú funfun tí wọn kò tíì pa láró tẹ́ rẹrẹ yí wọn ká nínú oòrùn àárọ̀, ojú wọn sì ti ṣókùnkùn. Kámẹ́rà kò mọ tẹ́rú, kò mọ ìyá. Ó rí funfun tó pọ̀, ó rò pé ìmọ́lẹ̀ pọ̀ jù, ó sì dín in kù. Ojú èèyàn dúdú tó wà láàárín funfun ló ń san gbèsè ìṣirò yẹn. Mo ní kó tẹ kẹ̀kẹ́ kékeré tó wà lẹ́yìn, kó yí i sí +2/3 kí fọ́tò lè mọ́lẹ̀ sí i, tí kò bá tó kó fi dé +1. Nígbà tó bá sì ń ya aṣọ tó ti dúdú dẹ́dẹ́ tó kún ojú fọ́tò, kó yí i padà sí ìsàlẹ̀ òdo, torí kámẹ́rà á fẹ́ mú aró tó jinlẹ̀ mọ́lẹ̀, aṣọ tuntun á dà bí èyí tó ti ṣá. Ọ̀pọ̀ èèyàn wa ló ti sọ pé kámẹ́rà kan kò dáa fún àwọ̀ ara wọn, nígbà tó jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò fi bọ́tìnì yẹn hàn wọ́n.

Ti àwọ̀ aró ló gbà wá lákòókò. Aṣọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò ẹ̀lú, àwọ̀ ewé ló máa ń ní. Bí afẹ́fẹ́ bá ti ń kàn án ló máa ń yí padà sí aró lójú ẹni. Ohun tó wu obìnrin yìí láti yà jù lọ nìyẹn, láti ìgbà tó ti wà lọ́mọdé tó ń jókòó ti ìyá rẹ̀. Fóònù rẹ̀ a máa tún àwọ̀ ṣe fúnra rẹ̀ ní gbogbo ìgbà, á sọ àwọ̀ ewé yẹn di eérú, á sì sọ aró di búlúù ojú ọ̀run. Mo ní kó fi ìwé funfun yẹn síbi tí aṣọ yóò wà lábẹ́ ìbòji, kó ní kí kámẹ́rà fi ìwé náà mọ ohun tó ń jẹ́ funfun, kó sì má ṣe fọwọ́ kàn án mọ́ títí iṣẹ́ yóò fi parí. Ó ya aṣọ oníko kan láti ìgbà tó jáde títí tó fi di aró. Ìyá náà wò wọ́n lójú kámẹ́rà, wọ́n ní, “Bó ṣe máa ń ṣe gan-an nìyí.” Wọ́n tún tọ́ka sí ọwọ́ ara wọn nínú fọ́tò kan, tí aró ti mu dé ìgbọ̀nwọ́, wọ́n ní kí wọ́n tẹ ẹ̀ jáde fún àwọn.

Ohun tí mo ti yí padà nínú bí mo ṣe ń gbani nímọ̀ràn látàrí ọ̀rọ̀ yìí ni pé mi ò kí ń dárúkọ kámẹ́rà kankan mọ́ kí n tó wo fọ́tò tí ẹni náà ti yà. Ẹni tí fóònù rẹ̀ kún fún bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ lórí pápá, súùmù rẹ̀ ló yẹ ká wá, sẹ́ńsọ̀ kékeré kò ní pa á lára lójú oòrùn. Ẹni tó bá ń gbé ibi tí iná kò ti dé dáadáa, mo máa ń bi í bóun á ṣe máa fún bátìrì lágbára kí n tó sọ̀rọ̀ lẹ́ńsì. Bí kámẹ́rà bá sì ti wu ẹnì kan nítorí ariwo, yíyá irú rẹ̀ fún ọjọ́ méjì sàn ju àríyànjiyàn lọ. Káàdì pẹ̀lú: àwọn tó ti pẹ́ jù nínú àwọn kámẹ́rà wọ̀nyí kò ka káàdì tó ju 2GB lọ, àwọn kan sì ń lo xD tàbí Memory Stick tí kò rọrùn láti rí lọ́jà mọ́. Ẹ béèrè kí ẹ tó dúnàádúrà.

Níti ọlọ́jà, ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju kí wọ́n jẹ́ kí oníbàárà tàn án, kó pa á, títí ọkàn rẹ̀ á fi balẹ̀. Ẹni tó ta èyí tó bó fún obìnrin yìí kò yọ ọ́ lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan, ó tilẹ̀ bá a gbé iná sún mọ́ ọn. Mo ti darí àwọn mìíràn lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ látìgbà yẹn.

Kámẹ́rà náà ṣì wà nínú báàgì rẹ̀. Mo ti jẹ́ kó mọ̀ pé tí lẹ́ńsì rẹ̀ bá kú lọ́la, owó àtúnṣe lè ju iye tó rà á lọ, nítorí ẹ̀yà rẹ̀ kò sí lọ́jà àfi lára òmíràn tó ti kú. Nítorí náà ó ń kó fọ́tò kúrò nínú káàdì lọ sínú kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ àti síbòmíràn ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, ó fi kámẹ́rà sínú ike tó ní ìdérí pẹ̀lú àwọn àpò kékeré tó ń fa ọ̀rinrin, irú èyí tó máa ń wà nínú páálí bàtà, ó sì ń yọ ọ́ síta fún afẹ́fẹ́ lásìkò òjò. Lákòókò ọyẹ́, kì í tàn án níta gbangba nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ eruku, torí ìgbà tí lẹ́ńsì bá ń wọlé padà ló máa ń fa iyanrìn mọ́ra.